Àlàfo Tó Wà Nínú Ohùn Nàfísàt

Ẹ fà mọ́ra díẹ̀, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè gbọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí kò ní ọba nínú, kò ní iwin, ẹranko kankan kò sì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tó gbé ohùn ìyàwó rẹ̀ pamọ́ nígbà tí gbogbo ayé rò pé ó ti kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Kò jìnnà sí wa. Mowe níbẹ̀ yẹn, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Ẹ má kán mi lójú o. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sáré sọ.

Sàhéèdì ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Ìwó ni. Iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ló gbé e dé Mowe. Ó gba yàrá kan, ó gba ṣọ́ọ̀bù kan níwájú ilé kan náà, ó sì ń bá àwọn tó ń tẹ ìwé ìdánwò àti àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Bí ẹ bá kí i, yóò kọ́kọ́ wo ilẹ̀ kó tó dáhùn. Nàfísàt, ìyàwó rẹ̀, ló ń bá a sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó máa sọ fún oníbàárà.

Ohùn obìnrin náà ni kí n kọ́kọ́ ròyìn fún yín. Kì í ṣe ohùn olórin. Ohùn tó máa ń dà bí ẹni pé ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò tíì rín ni. Bó bá ní kí ẹ jókòó, àfi bí ẹni pé ó ti ń retí yín láti àárọ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Ifọ̀ tó ń jẹ́ Ògúnkànmí. Kò ríran láti kékeré. Iṣẹ́ dídá tẹlifóònù lóhùn ló ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Abẹ́òkúta títí ó fi fẹ̀yìntì. Àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sí i, èyí tó máa ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè fún ẹni tí kò ríran. Ẹ̀rọ náà ya odi lọ́jọ́ kan, wọ́n sì júwe Sàhéèdì fún un. Bó ṣe jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà tó ń retí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ̀yin olójú,” ló wí, “ẹ ń fi kọ̀ǹpútà gbá bọ́ọ̀lù, ẹ ń fi sá eré mọ́tò. Èmi, lẹ́tà ni mo ń fi tèmi kà. Ṣé lẹ́tà ni èèyàn á fi máa ṣeré lọ́jọ́ ogbó ni?”

Sàhéèdì rẹ́rìn-ín, ó wo ilẹ̀. Nàfísàt ni kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó bi bàbá náà pé kí ló máa ń pá a láyà jù bó bá jáde nílé. Ògúnkànmí ní títì márosẹ̀ ni. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá ti dé Mowe, àfi kí òun dúró lẹ́bàá ọ̀nà bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé, kí òun máa bẹ̀bẹ̀ kí ẹnì kan fa òun kọjá. Nàfísàt wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Ìyẹn ni kẹ́ ẹ ṣe fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi etí kọjá títì.”

Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, ojú kọ̀ǹpútà á dúdú kirikiri. Ìró ọkọ̀ lẹ á máa gbọ́, òmíràn láti ọwọ́ ọ̀tún, òmíràn láti ọwọ́ òsì, ọ̀kadà tó ń hàn gooro, tírélà tó ń bọ̀ bí àrá. Ẹ óò fetí sílẹ̀ títí àyè yóò fi ṣí, ẹ óò sì tẹ bọ́tìnnì láti gbẹ́sẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọlù yín, ohùn Nàfísàt á wí pé, “Pẹ̀lẹ́ o. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.” Nítorí pé kò mọ ẹni tí yóò máa ṣe eré náà, “ẹ” ló ń lò fún gbogbo èèyàn, ọmọdé ni o, àgbà ni o. Bí ẹ bá sì kọjá láìsí ewu, á ní, “Ẹ kú orí ire o,” á wá pe oríkì yín, á sì parí rẹ̀ pé, “ẹ ti dé òdì kejì.”

Oríkì yẹn ló sọ eré náà di ohun tí wọ́n ń wá kiri. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, Nàfísàt á kọ́kọ́ bi í léèrè oríkì rẹ̀ àti iye ọdún rẹ̀, nítorí kò ní pe àgbàlagbà ní Àlàó lásán lójú ara rẹ̀. “Bàbá Àlàó” ni yóò wí. Òun fúnra rẹ̀ á jókòó sí iyàrá, á fi aṣọ bo fèrèsé kí ariwo títì má bàa wọlé, á sì pe oríkì náà sínú ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè lóríkì mọ́ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, àfi inú eré yìí. Wọ́n tún ṣe méjì mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan tí èèyàn á máa fi etí lé adìẹ mú, ọ̀kan tí ẹ óò fi gbọ́ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ṣùgbọ́n ti títì ni gbogbo wọn fẹ́ràn, ní Ifọ̀, ní Abẹ́òkúta, títí dé àwọn ibi tí Sàhéèdì kò dé rí.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ti eré náà pa, nítorí ibẹ̀ ni ìjọ̀gbọ̀n wà. Kí wọ́n má bàa máa dà á kọ lọ́fẹ̀ẹ́, Sàhéèdì fi àgádágodo sínú rẹ̀: nọ́ńbà kan tí òun nìkan lè ṣírò, tó bá kọ̀ǹpútà ẹni tó rà á mu. Bí kọ̀ǹpútà bá yí padà, nọ́ńbà náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, àfi kí onítọ̀hún padà wá gba òmíràn. Inú àgádágodo yìí kan náà ló kó oríkì wọn sí. Nọ́ńbà ló ń ṣílẹ̀kùn fún oríkì.

Lẹ́yìn Iléyá ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn ti mú gan-an, Nàfísàt wọkọ̀ lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ibafo. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹ́ kọjá sí apá ibi tí ilé wọn wà. Tírélà kan tí kò ní bíréèkì ló ń bọ̀.

Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí Sàhéèdì rí i kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́.

Ìyá Nàfísàt ń jẹ́ Sùwéébátù. Òwú àti bọ́tìnnì ló ń tà níwájú mọ́sálásí kan ní Ibafo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Olówùú. Ó ní ọmọbìnrin kejì, Hameedah, tó ń ránṣọ, tí wọ́n jọ ń gbé. Nígbà tí àdúà ọjọ́ kẹjọ tó, ìyá náà ní gbogbo ohun tí ọmọ òun lò láyé ni kí wọ́n kó jáde, kí wọ́n fi ṣe sàárà fún un, kí ohunkóhun má ṣe fà á lẹ́yìn lọ́nà ibi tó ń lọ. Sàhéèdì kó aṣọ rẹ̀ wá, ó kó bàtà, ó kó ìbòrí, ó kó kẹ́tùlù tó fi ń ṣe àlùwàlá. Ẹni kúkurú tó gba bàtà náà sọkún nígbà tó bá a lẹ́sẹ̀ mu. Àlùfáà wá bi Sàhéèdì pé ṣé ó tán.

“Ó tán, Àlùfáà,” ló dáhùn. Ilẹ̀ ló ń wò.

Kò tán. Ohùn náà wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Mowe.

Láti ọjọ́ náà ni kò ta eré kankan mọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láago fún nọ́ńbà, á ní òun ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Ara rẹ̀ kò lè gbà á kó máa gbọ́ pé ọkọ̀ ń gbá èèyàn, kí ẹni tí ọkọ̀ lù pa ní tòótọ́ sì máa ní kí wọ́n dìde. Ó tì í pa mọ́ gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n kò tì í mọ́ ara rẹ̀. Bó bá ti kírun àsárì tán, á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á ṣí eré náà, á sì rìn wọ àárín títì láìfetísílẹ̀ rárá. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kí tírélà gbá a. “Pẹ̀lẹ́ o,” ni Nàfísàt á wí fún un. “Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.” Á dìde, á tún rìn sí i. Kò jẹ́ kọjá dé òdì kejì rí, nítorí bó bá kọjá, eré náà á parí.

Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí Ògúnkànmí tó dé. Iná mànàmáná ló wá lọ́jọ́ kan ní Ifọ̀ pẹ̀lú agbára tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ, ó sì jó inú kọ̀ǹpútà bàbá náà. Wọ́n bá a pààrọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi síídì eré náà sí i, nọ́ńbà tuntun ló ń bèèrè. Sàhéèdì kò gbé fóònù. Ògúnkànmí bá kó ara rẹ̀ sọ́kọ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sọ̀, ó tún wọ òmíràn, nítorí kò sí ọkọ̀ tó ń ti Ifọ̀ bọ̀ ní Mowe tààrà. Ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ kan ló fà á kọjá títì.

Sàhéèdì dọ̀bálẹ̀ kí i, bó tilẹ̀ mọ̀ pé kò rí òun. Bàbá náà gbọ́ ìró àyà rẹ̀ nílẹ̀, ó ní kó dìde. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ fún ìgbà díẹ̀, kó tó wá sọ ohun tó bá wá. Ó ní kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo àwọn tó rà á, bí ẹ̀rọ wọn ṣe ń bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni eré náà ń tì mọ́ wọn. Ó ní bí kò bá fẹ́ tà á mọ́, kò burú, ṣùgbọ́n kó yọ àgádágodo rẹ̀, kó jọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ máa dà á kọ fún ẹni tó bá fẹ́.

Sàhéèdì ní kò ṣeé ṣe.

“Torí pé ohùn ìyàwó rẹ ni?”

“Ẹ dákun, Bàbá. Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́.”

Ògúnkànmí na ọwọ́ sí ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wá nǹkan kan kiri títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan férémù kan. Ó bi í pé ṣé Nàfísàt ló wà nínú rẹ̀. Sàhéèdì ní òun ni, níjọ́ ìgbéyàwó.

“Èmi ò mọ bó ṣe rí,” ni bàbá náà wí. “Mi ò mọ̀ bó pọ́n, mi ò mọ̀ bó dúdú. Ìwọ ní fọ́tò. Àwa tí a ò lè wo fọ́tò ńkọ́, kí lo fi sílẹ̀ fún wa? Ohùn yẹn náà ni gbogbo ohun tó jẹ́ lójú tèmi. Nígbà tí ẹ̀rọ mi jó, ijọ́ yẹn gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú fún èmi.”

Nígbà tí bàbá náà dìde láti lọ, ó ní kí Sàhéèdì má bínú, pé òun kò wá tú ọgbẹ́ rẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé kò mọ ohun tí yóò pè é, kó pè é ní sàárà.

Bí ọ̀bẹ ló gún Sàhéèdì lọ́kàn. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí, bàbá náà kò mọ̀. Ó fà á kọjá títì, ó fi í sínú ọkọ̀, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì ṣí eré náà lọ́jọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ló lọ sí Ibafo. Ìyá Olówùú jókòó síbi ọjà rẹ̀, ó ń ya bọ́tìnnì funfun sọ́tọ̀ kúrò lára dúdú. Sàhéèdì dọ̀bálẹ̀, kò dìde. Ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ pé àwọn ohun tí òun kó wá lọ́jọ́ kẹjọ kọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé ohùn Nàfísàt wà lọ́wọ́ òun, pé àwọn tí kò ríran ń bèèrè rẹ̀, òun kò sì lè fún wọn láìbi ìyá tó bí i.

Bọ́tìnnì ni ìyá náà ṣì ń yà. Hameedah, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, rí i pé funfun àti dúdú ló ń kó pọ̀ báyìí.

“O ní ó tán,” ni ìyá náà wá sọ.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Àlùfáà bi ọ́, o ní ó tán. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ọmọ mi ti lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní ẹrù kankan nílẹ̀. Àṣé o dì í mú ní Mowe.”

Sàhéèdì bẹ̀ ẹ́. Ìyá náà kò gbà, kò kọ̀. Ó ní kó gbé ohùn náà wá kí òun gbọ́ ọ kó tó dé etí ẹnikẹ́ni mìíràn, pé bí òun bá gbọ́ ọ tán, òun á mọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi ṣe. Ó sì lè jẹ́ pé kó pa á rẹ́ ni òun yóò wí.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló bá Sàhéèdì délé. Ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àgádágodo tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè. Bó ṣe ń tú u ló rí ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Bí nọ́ńbà bá kúrò, oríkì ò ní ibi tí yóò dúró sí. Kì í kúkú ṣe pé ó lè fi oríkì gbogbo ayé sí i. Ẹni tí yóò pè é ti lọ. Nítorí náà, nínú èyí tó fẹ́ jọ̀wọ́ yìí, nígbà tí èèyàn bá kọjá títì, Nàfísàt á ní, “Ẹ kú orí ire o,” á dákẹ́, á tún ní, “ẹ ti dé òdì kejì.” Àlàfo kan wà láàárín, bíi ti ẹni tó fẹ́ pe orúkọ tí kò wá sẹ́nu. Sàhéèdì gbìyànjú láti so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá so ó, èémí kékeré tí Nàfísàt mí sínú kó tó sọ apá kejì ló ń gé kúrò. Ìró èémí yẹn kò ju ìró ewé lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e láti gé e. Ó fi àlàfo náà sílẹ̀.

Ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Ibafo, ó gbé agbóhùnsókè kan sí ọwọ́ ọ̀tún ẹní tí ìyá náà jókòó sí, ó gbé ìkejì sí ọwọ́ òsì. Ìyá náà wo ojú ẹ̀rọ tó dúdú, ó bi í pé àwòrán rẹ̀ dà. Ó ní kò sí àwòrán, mà. Ìyá náà tú ìborùn rẹ̀, ó fi di ojú ara rẹ̀. Hameedah mú ìka rẹ̀ lé bọ́tìnnì.

Títì márosẹ̀ kún inú yàrá náà. Ẹ má gbàgbé pé ojúlówó títì kò jìnnà sí ilé wọn, bí wọ́n ti ń gbọ́ ti inú ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbọ́ ti ìta. Ìyá náà tẹ bọ́tìnnì nígbà tí kò yẹ. Tírélà gbá a.

“Pẹ̀lẹ́ o,” ni Nàfísàt wí. “Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.”

Hameedah figbe bọnu, ó jáde síta. Sàhéèdì na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ìyá náà gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó tún gbẹ́sẹ̀. Ọ̀kadà gbá a. Ọmọ rẹ̀ ní kó pẹ̀lẹ́, kó dìde. Ó dìde. Ìborùn tó fi dijú ti tutù, kò sì tú u. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sílẹ̀, orí rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà gan-an, tó mú ọmọ lọ́wọ́. Hameedah ti padà wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà gbẹ́sẹ̀, ó dúró, ó tún gbẹ́sẹ̀. Ìró ọkọ̀ gbogbo kọjá sẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ kú orí ire o,” ni Nàfísàt wí, ó sì dákẹ́.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ìyá náà la ẹnu.

“Àṣàkẹ́,” ló wí.

Èémí kékeré náà wá. “Ẹ ti dé òdì kejì.”

Oríkì tó sọ ọmọ rẹ̀ nígbà tó bí i nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín.

Ó pẹ́ kí ìyá náà tó tú ìborùn. Kò sunkún mọ́ nígbà náà. Ó ní kí wọ́n pín in fún àwọn tí kò ríran, gbogbo wọn, kí wọ́n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí Sàhéèdì má sì dí àlàfo náà. Ó wá wo ojú rẹ̀, ó ní, “Ṣé ó tán báyìí?”

Sàhéèdì kò wo ilẹ̀ lọ́jọ́ náà.

“Kò tán, mà. Ó ku ọ̀kan. Èyí tó ń pe Àkànní wà ní Mowe.”

Oríkì tirẹ̀ nìyẹn. Ìyá náà mi orí títí. Ó ní ti ìyẹn kì í ṣe sàárà, pé ọ̀rọ̀ àárín tọkọtaya ni, òun ò ní bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó máa lò ó títí yóò fi tó o.

Bí ó ṣe jọ̀wọ́ eré náà nìyẹn. Ó fi í sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ilé kafé kan ní Mowe, ó kọ ọ́ sínú síídì fún àwọn tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, ó sì kọ sára rẹ̀ pé sàárà fún Nàfísàt ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á. Ògúnkànmí tẹ̀ ẹ́ láago láti Ifọ̀. Ó ní nígbà tí àwọn péjọ sílé òun, bí ohùn náà bá ti dákẹ́, oníkálukú ló ń ké oríkì ara rẹ̀ síbẹ̀, àwọn aládùúgbò sì rò pé wọ́n ń jà. Ó ní ẹnì kan wà láàárín wọn tí kò mọ oríkì tirẹ̀. Gbogbo wọn bá sọ ọ́ ní ọ̀kan lójú ẹsẹ̀.

Sàhéèdì rẹ́rìn-ín sí fóònù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí Nàfísàt ti kú.

Ní ti kọ̀ǹpútà tó ń pe Àkànní, òjò wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́dún kejì, omi dé inú rẹ̀, kò sì tàn mọ́. Ọkùnrin tó ń tún ti gbogbo Mowe ṣe kò tú ìdí ìyẹn wò. Ó gbé e sórí pákó lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò. Nígbà tó wù ú láti gbọ́ ohùn náà, ó mú síídì sàárà bíi ti ẹlòmíràn, ó fi sínú ẹ̀rọ oníbàárà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó sì kọjá títì. Nígbà tí àlàfo náà dé, kò pe orúkọ kankan sí i. Ó jókòó síbẹ̀ ni, ó ń retí, títí èémí kékeré náà fi wá.

Hameedah, àbúrò Nàfísàt, tó bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ gbé aṣọ tó rán fún un, ló sọ ọ́ fún mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Ibafo. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín.